Alẹkirín Inú Garawa Ọ̀dà

Èyí kẹta rèé.
Àkọ́kọ́, omi ni mo fi pa á.
Láàárọ̀ kí n tó bọ́jú, ife kan;
lálẹ́ kí n tó ti fèrèsé, ife kan,
bí abiyamọ tó ń rọ ọmọ lágbo.
Ewé dúdú, ó rọ̀, ó ń já bọ́.
Nígbà tí mo fà á tu
gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí a rẹ sílẹ̀ tí a gbàgbé.

Ìkejì, abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo gbé e sí.
Oṣù Kẹfà dé. Òjò Lafíàjì
kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré.
N ò wo gbòǹgbò ìyẹn.

Alẹkirín ni Ìyá Romána, ìyá bàbá mi, ń pè é,
ọ̀rọ̀ Agudà kan ṣoṣo tó kù sí i lẹ́nu
bí eegun ẹja tó há sáàrin eyín.
Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní rosimári.
Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́,
ẹ̀yìn ewé funfun díẹ̀, bí ẹni fi ẹfun kàn án.
Kì í wọ́wé. Ọdún yípo, ẹ̀wù kan náà ló wọ̀.

Múyìbí akunlé ló là mí lójú.
Ó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kò bá onílé,
ó jókòó tì mí ní bákónì,
ó já ewé kan nínú èyí tó ń kú lọ, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó dákẹ́ pẹ́.

Ó ní, "Màmá, mo mọ èyí.
Ní Líbíà, lórí òkè kan tó kọjú sí òkun,
níbi tí wọ́n kó wa pamọ́ sí de ọkọ̀,
òun la tẹ́ sùn.
Kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín níbẹ̀.
Inú àpáta ló ti ń jẹ, atẹ́gùn iyọ̀ ló ń mu,
ìrì ìdájí tó o.
Aṣọ wa ń ta sánsán bí aṣọ ìyàwó.
Àwọn tó wọ ọkọ̀ ṣáájú wa . . ."
Ó wo ewé ọwọ́ rẹ̀.
Ó ní kí n wá ìṣó, kí n fi í síná.

Ihò méje ló lu sí ìdí garawa ọ̀dà.
A da àfọ́kù bíríkì sí i,
ti ilé alájà Bàbá Kustódíò tí wọ́n wó lọ́dún tó kọjá;
a gún ìkarahun ìṣáwùrú,
a fọ yanrìn títí iyọ̀ fi kúrò,
ilẹ̀dú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó parí.
"Màmá, ebi díẹ̀ ò pa á rí.
Ìkẹ́ ló ń pa á."

Mo bí mẹ́fà, mo gba ọmọ ẹlòmíràn bí
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n:
ta ló kọ́ mi ní kí n fi ọwọ́ lérán?
Báyìí mò ń ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ kí n tó gbé ife.
Bó bá tutù, mo mu omi náà fúnra mi.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ la gbogbo wa létè,
tí ewé ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ká jọ,
òun ló ń rúwé.
Atẹ́gùn Máríínà fẹ́ iyọ̀ sí i lára, ó gbọ̀n ọ́n nù.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún:
àpótí Ìyá Romána ṣí sílẹ̀ lójú mi,
gèlè rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà mọ́.

Onílé ti san owó. Ó wà nínú ọ̀rá
lábẹ́ garawa. Múyìbí ò tíì padà wá,
fóònù rẹ̀ ò lọ.
Mo ti ge ẹ̀ka mẹ́rin sínú agolo mílíìkì dè é.
Ọ̀kan ti ta gbòǹgbò.
N ò bomi sí i lónìí.