Ewé Mẹ́ta

Ọmọbìnrin náà gun ọ̀kadà wá sí Arówómọlé,
ó mú àlùmọ́gàjí, ó mú báírò,
ó mú àpò ìwé bí èyí tí a fi ń dáwó ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó ní, "Bàbá, ẹ má fa èyí tó ń ṣàìsàn tu."
Mo ti fa ogójì tu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára ewé,
bí ẹni pé ọmọ iléèwé fi rúlà fà á.
Àgbàdo tó ń lọ oko níhòhò, tó ń kó igba aṣọ bọ̀:
lọ́dún yìí, aṣọ ló kó bọ̀, kò kọ́mọ.
Èyí tó gbọmọ pọ̀n, akáyín lọmọ rẹ̀.

Oyèfúnkẹ́ gé ewé kan létí odò, ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà,
ọ̀kan nínú ẹ̀kan, níbi tí mi ò tíì ro.
Ó kọ orúkọ mi sára àpò kọ̀ọ̀kan
bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún kejì ló bá a padà.
Ó fi igi kan hàn mí lórí fóònù, kò léwé,
ẹ̀ka ṣáá, ẹ̀ka tó ń yà lára ẹ̀ka.
Ó ní àrùn oko mi kì í ṣe ẹyọ kan.
Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn ò jọra tán;
ti inú ẹ̀kan ya díẹ̀ lára ti etí odò,
ó ya díẹ̀ lára ti ẹ̀bá ọ̀nà, ó rán an pọ̀, ó wọ̀ ọ́.
Kòkòrò tí kò tó hóró ìrẹsì
ló ń fa omi ewé mu, tó ń gbé wọn kiri.

Mo wo igi náà títí.
Mo rántí ọdún tí wọ́n lé wa ní Gánà,
tí ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Tákíè lóru.
Adégẹyè ń fọ èdè Àṣáńtì,
èmi ń fi Haúsá bú u,
àbúrò wa ti gbàgbé bí a ṣe ń kúnlẹ̀.
Ìyá wa àgbà gbé àtùpà sí wa lójú:
"Ta ló ni àwọn wọ̀nyí?"
Imú ló fi mọ̀ wá.

Mo ní, "Oyèfúnkẹ́, imú wo lo fi mọ̀ wọ́n?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́tà mẹ́rin péré ni gbogbo wọn;
bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀.

Irúgbìn tó mú wá lè kojú méjì nínú wọn.
"Ẹ̀kẹta ń kọ́?"
Kò dáhùn. Ó yọ àlùmọ́gàjí rẹ̀,
a jọ wọ inú ẹ̀kan lọ.