Ẹẹ́fà, Ẹẹ́rin, Òdo

Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agbowó, lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò,
ni wọ́n ti fi mí ṣọ́ ẹ̀rọ kan tí kì í sùn.
Irinwó akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé inú rẹ̀,
oníkálukú pẹ̀lú yàrá tirẹ̀.

Fáìlì méjì ló mọ̀ wọ́n.
Èkíní ni ìwé orúkọ:
Wúràọlá wà níbẹ̀, Làtíìfù wà níbẹ̀,
nọ́ńbà wọn, ojúlé wọn.
Ẹẹ́fà, ẹẹ́rin, ẹẹ́rin.
Gbogbo ayé lè kà á, èmi nìkan ló lè kọ ọ́.
Kò burú. Béèrè èèyàn kan ní Òjé,
wọ́n á júwe ilé bàbá bàbá rẹ̀ fún ọ.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní Òjìji.
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà, tí a ti lọ̀ kúnná
bí ẹ̀lùbọ́ tí kò lè padà di iṣu mọ́.
Ẹẹ́fà, ẹẹ́rin, òdo.
Òdo yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi.

Ọ̀gbẹ́ni Ládàpọ̀ ló kọ́ mi. Ó ní,
“Ẹẹ́rin ni ojú, eéjì ni ọwọ́, oókan ni ẹsẹ̀.
Rò ó kí o tó rò ó pọ̀ fún ẹnikẹ́ni.”

Ní Ọjọ́bọ kan, iná lọ, iná dé, iná tún lọ.
Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè wọlé, fóònù ń dún.
Gbádébọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi, tẹ èje, èje, èje
mọ́ gbogbo ohun tó rí.
“Ó ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá.”
Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́.
Ilé tí wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ náà a máa gba atẹ́gùn.

Wákàtí mẹ́ta ni Òjìji fi wà ní gbangba.
N kò mọ ẹni tó kà á:
kíkà kì í fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀.
Mo dá òdo padà. Mo ní kí irinwó èèyàn yí ọ̀rọ̀ wọn padà.
Wọ́n bú mi láti Òjòó títí dé Mọ́kọ́lá.

Lẹ́yìn tí Ọ̀gbẹ́ni Ládàpọ̀ papò dà,
èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.
Mo wá yẹ yàrá rẹ̀ wò.
Àwọn fáìlì rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ olóhun ti yẹ kó hàn,
nọ́ńbà lásán: ẹgbẹ̀rún kan ó lé méje.
Orúkọ ti lọ. Ẹrù kò tíì gbọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ “Fún Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́.”
Ẹẹ́fà, òdo, òdo.
Gbòǹgbò ni orúkọ tèmi nínú ẹ̀rọ náà;
òdo kankan ò lè dá mi dúró.
Òjò ń lu páànù. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì.

Mo dà á sínú fíláàṣì, mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Àdó,
mo gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.
Kò bi mí bóyá mo kà á.
Èmi náà ò sọ.