Ojú Ìwé Tó Dorí Kodò

Ọlidé dé, a ò rìnrìn àjò kankan.
Àwọn ará iwájú ilé ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú,
àwa wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta pẹ̀lú òòrùn.
Aago mẹ́fà, mo ti tò síbi ẹ̀rọ omi,
kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ọ̀kan ń jò nídìí,
Jìmọ̀ àbúrò mi ń fi àtàǹpàkò dí i
títí a fi délé.
Mo gbálẹ̀. Mo fọ ìkòkò àná. Mo rẹ gààrí, mo mu ún.
Mo wọ sílípáàsì tí mo fi wáyà so létí,
mo gba ẹ̀yìn réluwéè lọ sí láìbìrì.

Kí n má parọ́: kì í ṣe ìwé ló kọ́kọ́ mú mi lọ.
Fáànù ni.
Mẹ́ta ló wà lókè àjà, ọ̀kan ló ń yí,
ẹni tó bá tètè dé ló ni abẹ́ rẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun tó ń sùn:
"Báàgì rẹ dà? Gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé kò sí epo?"
Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.
Ọmọ yunifásítì kan ń sùn lórí ìwé òfin,
itọ́ rẹ̀ ti dé ìpínrọ̀ kejì.
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.
"Ẹ̀hẹ́n!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ wí.
Gbogbo wa dákẹ́, fáànù nìkan ló ń ráhùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo fa ìwé kan yọ,
ìwé ẹja inú ọ̀sà, èèpo pupa tó ti ṣá.
Mo kà á dé ojú ìwé kẹrìnlélọ́gọ́ta,
mo ṣí i, ẹja dorí kodò.
Ọ̀rọ̀ dorí kodò. Nọ́ńbà pàápàá fẹsẹ̀ sókè.
Mo yí ìwé po, mo ń kà á lọ bẹ́ẹ̀,
àwọn tó ń kọjá rò pé mi ò mọ̀wé.
Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, kí ayé tó padà sípò.

Ìgbà náà ni mo wo ìdí ìwé, níbi tí wọ́n ti rán an.
Òwú aláwọ̀ ewé. Kókó méjì,
lẹ́yìn náà ọ̀kan tó fì sápá òsì.
Mo mọ kókó yẹn.
Òun ló wà létí báàgì iléèwé mi,
òun ló wà lẹ́nu àpò ìrẹsì,
òun ni bàbá mi fi ń so ohun tí kò gbọdọ̀ tú.
Ṣómólú ló ti ń dìwé kí n tó dáyé,
gọ́ọ̀mù kì í kúrò léèékánná rẹ̀.

Lálẹ́, mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀.
"Bàbá, ṣé ẹ ti fi òwú aláwọ̀ ewé dìwé rí?"
"Òwú wo ni mi ò tíì fi dìwé?"
"Èyí tí mo rí, inú rẹ̀ dorí kodò."
"Iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ nìyẹn."
Ó bu òkèlè, ó rún un mọ́bẹ̀, kò gbé e sẹ́nu.
"Ojú ìwé mélòó?"
"Mẹ́rìndínlógún."
Iná lọ. Àdúgbò pariwo,
jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.
Inú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀:
"Abala kan ṣoṣo ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.
Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé ìgbẹ̀bí,
mo ní ẹ jẹ́ n rán eléyìí tán.
Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò."
Mo bi í pé ta ni wọ́n ń bí.
Ó ní kí n lọ wá àbẹ́là.

Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn ọlidé, mo tún na ọwọ́ méjèèjì.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ ní bí mo bá rí ìwé tó bàjẹ́, kí n wí,
wọ́n fẹ́ kó wọn lọ tún dì.
Mo wo èèpo pupa lórí pẹpẹ.
"Kò sí, sà. Gbogbo wọn pé."
Abẹ́ fáànù ti kún.
Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, nínú ooru,
mo ṣí ojú ìwé karùndínláàádọ́rin,
mo sì yí i po.