Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Máìlì

Archuleta nu ọwọ́, ó ní:
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì, ìyá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Ẹ má gun òkè. Ẹ má so nǹkan mọ́ ọn nídìí."

Ni mo bá kẹ́yìn sí Pueblo,
mo dojú kọ Kansas, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní.
Ọkọ̀-ilé yìí ju àkọ́bí mi lọ:
kọ́bọ́ọ̀dù ń ké, ṣíbí ń bá fọ́ọ̀kì jà,
ṣùgbọ́n jíà tuntun, àní,
ìkejì wọlé
bí àlejò tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.
Ìkẹta ń ṣiyèméjì.
Mo gbẹ́sẹ̀ díẹ̀.
Ó wọlé.

Delmar, bó bá wà láyé, ì bá ti tẹná,
òun tó ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń na ìbaaka.

Ní Deerfield mo dúró, n kò pa á.
Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ,
mo nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti di àkísà:
pupa fòò, kò rùn, kò jóná.
Igba máìlì ó lé mẹ́rìnlá.
Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fun fèrè lẹ́yìn mi,
ọ̀nà fẹ̀, ẹ yà mí.
A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọwọ́ ara wa ni.