Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Mo gbé aago ìdíwọ̀n dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Lámídì
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lọ́jọ́ Ajé, kí oòrùn tó gòkè.
Yunifásítì ló rán mi. Mo mú lẹ́tà lọ́wọ́,
mo mú tépù, mo mú pẹ́ńsù mẹ́ta,
mo mú ìbéèrè kan tí ọ̀gá mi fi yíǹkì pupa fàlà sí nídìí:
níbo ni àsìkò ń jò gbà?

Bàbá ò wojú mi. Ó ní, "Jókòó sórí táyà yẹn.
Má jókòó síbi tí irin ti lè ta sí ọ lójú."

Ẹ̀rọ léètì rẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Nígbà tí iléeṣẹ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ tilẹ̀kùn,
tí kò sówó oṣù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi sanwó
fún ẹni tó bá lè gbé e.
Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló fi igi yí i wá sílé,
àwọn ọmọdé Ayétòrò ń sá tẹ̀lé e
bí ẹni ń sin ìyàwó.

Mo tẹ aago. Ó gbé irin. Mo kọ ọ́.
Ó dúró. Mo kọ ọ́.
Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì,
ó rìn padà. Mo kọ ọ́.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi ń ya ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé,
ìlà gun ìlà, títí ìwé náà fi rí
bí àdìrẹ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bàjẹ́.

Búṣì kan fún ẹ̀rọ ìlọta: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì.
Mọ́kànlá nínú rẹ̀, ọwọ́ ò ṣe nǹkan kan.
Lílọ. Bíbọ̀. Kí àgbàlagbà ranjú mọ́ irin tó ń yí
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú.

Ní Òkè-Baálẹ̀, inú Ọ̀mọ̀wé Oyèkúnlé dùn.
"Sún kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti wálé.
Méje tó kù, òfò ni. Gé e."

Mo kan ìṣó sára ẹ̀rọ, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ.
Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ogún ọdún ni mo ti ń rìn lọ síbẹ̀.
Ìṣó kan péré ni!"
Mo rò pé ẹ̀rín yẹn á dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku méje.
Mo bi í. Ó ní kí n pa aago ná.
Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé èjìká ẹ̀rọ.
"Kí lo gbọ́?"
Ariwo.
"Ṣì dúró."
Mo dúró. Lábẹ́ ariwo, nǹkan kan ń gbọ̀n, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́,
bí ìpéǹpéjú ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n.
"Abẹ ti ń kú nìyẹn. Bí mo bá kánjú tẹ̀ ẹ́,
búṣì á fi fọ́nrán irun kan tóbi jù,
á sì já bọ́ lára ẹ̀rọ ẹnìkan ní Ìlobùú
lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù níwájú rẹ̀."

Àfi bí iná ṣe lọ.
Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Léètì nìkan ló ṣì ń yí,
díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìròyìn.
Mo wo ìwé mi. Àyè iṣẹ́ wà níbẹ̀, àyè òfò wà níbẹ̀.
Mo fa ìlà kẹta. N ò kọ nǹkan kan sórí rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì,
ìṣó wà níbẹ̀ lófìfo.
Gàníyù ọmọ iṣẹ́ ti gbé kọ́kọ́rọ́ padà sídìí ògiri.
Ó ní ẹ má bínú, àǹtí,
ó ń mì jìgìjìgì lára ẹ̀rọ,
kì í jẹ́ kí àwọn gbọ́ràn.