Odò Dì, A Dìbò

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Sẹnt-Anselm ni mo ti ń ka ìbò
láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pọ́n bí ẹyin iná.
Tábìlì kan. Àga irin méjì.
Pẹ́ńsùlù tí a fokùn so mọ́lẹ̀ bí ajá tí kì í gbélé,
kí ọwọ́ má baà gbàgbé rẹ̀ sápò.

Wábísì lorúkọ odò,
Wábísì náà lorúkọ àgbègbè ìdìbò,
ní àríwá Ontario, níbi tó ti máa ń rẹ ọ̀nà kó tó dé.
Ní Oṣù Kọkànlá omi a dì, àwa náà a dìbò.
Ohun tó bá dì, bó pẹ́ bó yá, á yọ́.
Mo ti rí i.

Bàbá mi, Eino Kivelä, sọ ti ìgbà Dókítà Prendergast:
kọ́ńpìnnì ló ni ihò kùsà, ló ni ilé,
ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ìyẹ̀fun láwìn;
ṣé àṣojú nìkan ni kò ní í ní?
Fóómàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka fìlà.
Bàbá mi tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ bébà títí bébà fi lu.
Ìbínú tí kò lẹ́nu, ó lọ́wọ́.

Ọdún kejì mi lórí àga
ni òfin tó gba àwọn ará òdìkejì odò láyè.
Josette Migwans fi pákó fa àgbà mẹ́rin kọjá lórí yìnyín.
Ó ka orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí bébà, kò kánjú.
Ó ní, "Èdè wa lẹ fi ń pe odò yìí.
Ta ló wá ní ká máa dúró síta láti ọjọ́ yìí?"
Mi ò ní èsì. Àpótí ni mo ní.
Mo sún un sí i.

Ìgbà òtútù tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ,
ọ̀dùnkún la jẹ títí ọ̀dùnkún fi mọ orúkọ wa.
Ìgbà náà la yan Zénon Thibodeau, awakùsà, aláwọ̀ ọsàn.
Ìbò mọ́kànlá ló fi ju ẹnìkejì lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ilẹ̀ mọ́ bá mi.
Nígbà tó nawọ́ sókè láti búra lólú-ìlú,
ìka mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀;
àwọn méjì tó kù ń ṣojú rẹ̀ nínú ihò kùsà.
Ó bèèrè títì, wọ́n fún un ní àtẹ́wọ́.
Síbẹ̀, ọdún méjìlélógún la fi ń dá a padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni pupa: Agbẹjọ́rò Ghislaine Pomerleau,
ẹni tó ri pátákó mọ́ inú pápá: ỌSIBÍTÙ Ń BỌ̀.
Ẹyẹ kọ́lé sí i, wọ́n pamọ, àwọn ọmọ fò lọ.
Lẹ́yìn náà, búlúù. Ọsàn tún padà.
Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́;
ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ni mo rántí, ó dára.

Lọ́jọ́ tí iná iléru kú,
èéfín tó ti ń fún wa lọ́rùn láti kékeré kò jáde mọ́.
A gbójú sókè, a ń wá a.
Ìwé orúkọ olùdìbò tó nípọn bí odindi búrẹ́dì
wá ku ègé kan.
Nígbẹ̀yìn, ẹnìkan fi rúlà fa ìlà lólú-ìlú:
wọ́n so wá pọ̀ mọ́ ìlú méjì tí a ò mọ̀,
Wábísì kúrò lórí bébà.
Odò ò gbọ́.

Alẹ́ àná ni mo ka tìkẹyìn. Ìbò mọ́kànlélógójì.
Lórí ọ̀kan, wọn ò fàlà síwájú orúkọ kankan;
ẹnìkan kọ THIBODEAU, ó tẹ̀ ẹ́ títí bébà fi lu.
Zénon ti kú láti ìgbà òtútù mẹ́fà sẹ́yìn.
Òfin ní ìbò tó bàjẹ́ ni.
Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀kan, kò wúlò,
mo sì tú okùn pẹ́ńsùlù.
Àpò mi ló wà báyìí.