Orin Kẹrin

Wọ́n ní kí n wá sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Oyèmẹ́kùn,
kí n wá bá wọn bẹnu àtẹ́ lu Akínṣọlá,
tí gbogbo Àkúrẹ́ ń pè ní Agbọ́n báyìí.
Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá ní kíláàsì karùn-ún;
wọ́n rò pé ẹni tó fi a, b, d sí ọmọ lẹ́nu
ló yẹ kó lọ kó o kúrò níbẹ̀.

Ẹnu Mi Ò Nílẹ̀kùn: orúkọ tó fún àwo orin náà nìyẹn.
Orin mẹ́sàn-án, èébú nínú mẹ́fà.
Ní Arákálẹ̀, ọmọ ọdún méje ń kọ ọ́ bí ó ti ń ru omi bọ̀,
ìyá rẹ̀ fọ́ ọ létí, omi dànù,
ọmọ tún mú un láti ìlà kejì.
Wọ́n gbé fóònù sétí Ààfáà Bákàrè ní Òkè Àró,
ìlà mẹ́ta péré ló gbọ́,
ó ní kí wọ́n gbé e kúrò kí àlùwàlá òun tó bàjẹ́.
Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pariwo tó Bàbá Ìjọ Ògúnsakin.
Ó gbé páálí sókè lẹ́nu géètì rédíò,
ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà:
Ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀.
Òun ló bí Akínṣọlá.

N ò ní í purọ́, inú bí èmi náà.
Ohun tó wà nínú orin kejì,
mo ti na ọmọ nítorí ìdajì rẹ̀.
Mo ti nà wọ́n nítorí èdè Àkúrẹ́ pàápàá:
"Yorùbá gidi là ń sọ níbí, ẹ fi tẹ̀yìnkùlé sẹ́yìnkùlé."
Tẹ̀yìnkùlé ọ̀hún ló wá jókòó ságbàlá gbogbo wa báyìí.

Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, mo yá íápíìsì Morádéyọ̀, ọmọ ọmọ mi,
mo ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Orin kẹrin kò ní èébú kankan.
Ó ń rọra lọ, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn
tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí i.

*Alẹ́ Sátidé, bẹ́líìtì sọ̀rọ̀.*
*Àárọ̀ Sọ́ńdè, bẹ́líìtì yẹn náà ló fi di ṣòkòtò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.*
*Mo sọ fún Tíṣà.*
*Tíṣà ní a kì í sọ̀rọ̀ ilé níta.*
*Tíṣà fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lórí òwe.*

Mo yọ íápíìsì. Mo tún fi í sétí.
Kò dárúkọ mi.

Mo rántí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé òbí.
Òjò ń rọ̀, ó wọ awò òòrùn.
Owó ilé ìwé ni mo bi í.

"Màmá, kí lẹ rí sọ sí ìdọ̀tí yìí?"
Ọ̀gbẹ́ni Arówóṣegbé gbé makirofóònù sún mọ́ mi.
Mo ní orin keje, níbi tó ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹran orí àtẹ,
ẹ mú un wá, màá nà án lónìí, apá mi ṣì dá.
Orin kẹrin ńkọ́? Ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́.
Ó ní wọ́n ti fòfin de gbogbo rẹ̀.
Mo bá kà á fún wọn, pẹ̀lú ohùn ṣọ́ọ̀kì mi,
títí mo fi dé Tíṣà.
Mo ní, "Èmi nìyẹn." Mo ní, "Ọmọ náà ò lo ọwọ́ òsì.
Ọwọ́ ọ̀tún ló fi júwe ilé, èmi ni mo ní kó..."
Wọ́n fi ìpolówó ọṣẹ sí i.

Ní géètì, Bàbá Ìjọ ń wo bàtà rẹ̀.
Páálí ti dojú bolẹ̀.

Màrúwà tí mo wọ̀ ń kọrin nígbà tó dúró.
Ọmọ tó ń wà á rí ewú orí mi,
ó sáré pa á, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá."
Mo ní kó tàn án padà. Ó tàn án.
Orin kẹta ló wà.
Mo ní kó má sáré.